James Oglethorpe àti òfin tí ó de oko ẹrú ní Georgia

Ní kíláàsì wa, bí ẹ̀kọ́ ìtàn bá ti kan òwò ẹrú, ọ̀nà kan náà ni a máa ń tọ̀: láti ìgbèríko dé Abomey, láti Abomey dé Ouidah, láti Ouidah dé etí òkun. Ibẹ̀ ni ìwé máa ń pa dé. Àwọn ènìyàn wa ti wọ inú ọkọ̀, ọkọ̀ ti lọ, ẹ̀kọ́ sì parí. Ṣùgbọ́n a kì í ṣàìrí ọmọ kan tí yóò nawọ́ sókè láti bèèrè ẹni tí ó ń dúró dè wọ́n ní òdìkejì òkun, àti bóyá ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀, láàrin àwọn tí ó di àṣẹ mú, tí ó sọ pé kí wọ́n má ṣe kó wọn wá mọ́. Ìbéèrè náà kúrú. Ìdáhùn rẹ̀ ni ó gùn. Nítorí náà ni a ṣe ya ojú ewé wa sọ́tọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan yìí.

Ẹnìkan wà. James Edward Oglethorpe ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ó tẹ Georgia dó, èyí tí ó jẹ́ àbíkẹ́yìn nínú àwọn ilẹ̀ mẹ́tàlá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ní etí òkun Amẹ́ríkà kí Amẹ́ríkà tó gba òmìnira. Ní ọdún 1735, òfin jáde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ẹrú dúdú wọ Georgia, kò sì gbọdọ̀ lò wọ́n níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tíì pàtẹ́wọ́. Ọdún mẹ́ta péré ṣáájú òfin yìí, ọkùnrin kan náà jókòó ní Lọ́ńdọ̀nù lórí àga igbákejì gómìnà Royal African Company, ẹgbẹ́ oníṣòwò tí ó ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn Áfíríkà kọjá òkun, tí ó sì ní odi tirẹ̀ ní Ouidah, nítòsí wa níbí.

A bí Oglethorpe ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 1696. Ìdílé ológun àti olóṣèlú ni wọ́n, wọ́n sì fẹ́ràn ọba James Kejì tí a ti lé kúrò lórí oyè ju ọba tí ó wà lórí oyè lọ. Ìfura tí èyí fà kò fi ọmọ náà sílẹ̀ títí ó fi dàgbà. Ó wọ Yunifásítì Oxford, ṣùgbọ́n ogun ni ọkàn rẹ̀ fà sí: ní ọdún 1717, ó wà lábẹ́ ọmọ ọba Eugène ti Savoie nígbà tí wọ́n gba Belgrade lọ́wọ́ àwọn Tọ́kì. Ní ọdún 1722 wọ́n dìbò yàn án láti Haslemere sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, níbi tí bàbá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jókòó rí. Ọdún yẹn náà ni ó pa ènìyàn kan níbi ìjà òru, ó sì lo oṣù díẹ̀ lẹ́wọ̀n kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Àwọn tí ó ń yìn ín kì í fẹ́ dárúkọ èyí. Àwa dárúkọ rẹ̀, nítorí ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ìtàn náà gbà dé Amẹ́ríkà.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan tí ń jẹ́ Robert Castell, ayàwòrán ilé, tí ó tẹ ìwé ńlá kan jáde ní ọdún 1728 lórí ilé àwọn ará Róòmù àtijọ́. Gbèsè wọ ọ̀rẹ́ yìí lọ́rùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, ẹni tí ó jẹ gbèsè tí kò rí i san, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń gbé e lọ, kò sì ní jáde títí owó yóò fi pé. Báwo ni ẹni tí a tì mọ́lé yóò ṣe ṣiṣẹ́ rówó? Èyí tí ó tún burú ni pé ẹlẹ́wọ̀n ni ó ń sanwó fún ọ̀gá ẹ̀wọ̀n kí ó tó rí ibi tí ó dára sùn. Thomas Bambridge, ọ̀gá ẹ̀wọ̀n Fleet, bèèrè owó lọ́wọ́ Castell. Castell kò ní. Bambridge ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé kan tí ilẹ̀ẹ́gbóná ti ń jà. Castell bẹ̀ ẹ́, ó ní òun kò tíì ṣe àrùn náà rí, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń ba òun. Wọ́n gbé e lọ náà. Àrùn mú un, ó sì kú.

Oglethorpe kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí ẹkún. Ní ọdún 1729 ó di alága ìgbìmọ̀ tí ilé aṣòfin yàn láti wo inú àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n. Wọ́n wọ Fleet, wọ́n wọ Marshalsea, wọ́n sì rí ohun tí ojú kò fẹ́ rí: àwọn tí a fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè nítorí pé wọn kò rí nǹkan fún wọ́dà, àwọn tí ebi ń pa kú lọ díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀. Wọ́n yọ Bambridge níṣẹ́, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, kóòtù sì dá a sílẹ̀. Ayàwòrán Hogarth ya ìgbìmọ̀ náà níbi tí wọ́n ti ń wádìí ọ̀rọ̀. Àwòrán náà ṣì wà di òní.

Láti inú iṣẹ́ yìí ni èrò Georgia ti jáde. Oglethorpe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rò ó pé bí òtòṣì bá rí ilẹ̀, tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ro ó, yóò padà di ènìyàn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1732, ọba George Kejì fi ìwé àṣẹ lé àwọn alágbàtọ́ 21 lọ́wọ́ láti tẹ ìlú tuntun dó ní gúúsù Carolina. Alágbàtọ́ kankan kò gbọdọ̀ ní ilẹ̀ níbẹ̀, kò gbọdọ̀ gba owó oṣù, kò gbọdọ̀ jẹ oyè. Gbólóhùn Látìn tí ó wà lára èdìdì wọn sọ pé kì í ṣe fún ara wọn, bí kò ṣe fún ẹlòmíràn. Àwòrán kòkòrò ṣẹ́dà ni wọ́n yà sí i lára, nítorí wọ́n rò pé ṣẹ́dà ni ilẹ̀ náà yóò máa mú jáde. Nítorí òfin yìí, Oglethorpe kò jẹ oyè gómìnà lórí ìwé nígbà náà. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni ó bá àwọn ará ìlú rìn nínú gbogbo àwọn alágbàtọ́, òun ni ó ń pín ilẹ̀, òun ni ó ń bá àwọn onílẹ̀ dá májẹ̀mú, òun ni ó ń kó ogun jọ. Iṣẹ́ gómìnà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a tún ṣe àtúnṣe kan síbí fún àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ti kà á níbòmíràn pé àwọn onígbèsè tí a tú sílẹ̀ láti ẹ̀wọ̀n ni ó kún Georgia: kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tálákà oníṣẹ́ ọwọ́ ni ó pọ̀ jù nínú wọn, àwọn télọ̀, káfíńtà àti àwọn kéékèèké oníṣòwò.

Kí ọkọ̀ wọn tó ṣí, ọ̀rọ̀ mìíràn ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì Royal African Company. Oglethorpe ti wọ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ yìí ní ọdún 1731, ó sì di igbákejì gómìnà rẹ̀ ní ọdún 1732. Agbára ẹgbẹ́ náà ti ń rẹlẹ̀ ní àkókò yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì mọ etí òkun tiwa dáadáa. Agaja, ọba Dàhòmì, ti ṣẹ́gun Ouidah ní ọdún 1727, odi àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ní ọdún 1731 pàápàá, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Adomo Tomo, ọmọ Jakin ní etí òkun wa, dé Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú Bulfinch Lambe, òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ náà tí Agaja ti mú lẹ́rú rí ní Allada, wọ́n sì mú lẹ́tà kan dání tí wọ́n ní Agaja ni ó kọ ọ́ sí ọba Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn tí ó jókòó yí tábìlì yẹn ká kò mọ irú ènìyàn tí wọ́n ń tà.

Lẹ́tà tí ó kan Oglethorpe kì í ṣe ti Agaja. Ẹni tí ó kọ ọ́ ni Ayuba Suleiman Diallo, ọmọ àlùfáà mùsùlùmí kan ní Bundu, ní ilẹ̀ Senegal òde òní. Ìtàn Ayuba kò rọrùn láti sọ fún àwọn ọmọdé. Ní ọdún 1731, bàbá rẹ̀ rán an lọ sí odò Gambia láti ta ènìyàn méjì fún ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sì ra bébà bọ̀. Òun àti Pike, ọ̀gá ọkọ̀ náà, kò jọ gbà lórí iye owó. Ayuba kọjá odò, ó tà wọ́n fún ẹlòmíràn, ó gba màlúù. Nígbà tí ó ń padà bọ̀, àwọn akónilẹ́rú Mandinka dá a lọ́nà, wọ́n fá irun àti irùngbọ̀n rẹ̀, wọ́n sì lọ tà á fún Pike kan náà. Pike gbà kí ó ránṣẹ́ sí ilé fún owó ìràpadà, ṣùgbọ́n kí ìránṣẹ́ tó dé, ọkọ̀ ti lọ.

Ní Maryland ni wọ́n tà á sí, sí oko tábà. Iṣẹ́ náà kò bá a lára mu, wọ́n sọ ọ́ di darandaran. Bí ó bá fẹ́ kírun, ó ń wọ inú igbó. Ọmọ òyìnbó kan a sì máa tẹ̀lé e láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, a máa da erùpẹ̀ sí i lójú. Ó sá, wọ́n mú un, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n. Ìgbà tí ó kọ nǹkan sílẹ̀ ní èdè Lárúbáwá ni àwọn tí ó wá wò ó tó mọ̀ pé ọ̀mọ̀wé ni ẹni yìí. Ó kọ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀, lẹ́tà náà gba ọwọ́ àwọn oníṣòwò títí ó fi dé Lọ́ńdọ̀nù, ó sì bọ́ sí ọwọ́ Oglethorpe. Oglethorpe kò gbọ́ èdè náà. Ó fi ránṣẹ́ sí Oxford, níbi tí ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Lárúbáwá, John Gagnier, ti túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀ tán, ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pọ́n-ùn 45 láti ra Ayuba padà kúrò ní Maryland. Lẹ́yìn èyí, ó ta ìpín rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà, ó sì fi wọ́n sílẹ̀.

Ṣé lẹ́tà yẹn nìkan ni ó yí ọkàn rẹ̀ padà? Àwọn òpìtàn kan gbà bẹ́ẹ̀. Àwa kò lè búra sí i, nítorí ọkàn ènìyàn jìn. Ohun tí a lè sọ ni pé kí ó tó rí lẹ́tà náà, ó lè jókòó sí tábìlì yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, kò jókòó síbẹ̀ mọ́. Nígbà tí Ayuba dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1733, Oglethorpe ti wà ní Amẹ́ríkà. Àwọn ẹlòmíràn ni ó dáwó jọ tí Ayuba fi di òmìnira, William Hoare ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú láwàní funfun, ó sì padà sí Áfíríkà ní ọdún 1734. Bàbá tí ó kọ lẹ́tà sí ti kú.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1732 ni Oglethorpe àti ènìyàn bíi 114 wọ ọkọ̀ Anne. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1733 ni wọ́n gúnlẹ̀ sórí òkè kan létí odò Savannah. Ilẹ̀ náà ní onílẹ̀. Tomochichi, olórí àwọn Yamacraw, arúgbó ọlọ́gbọ́n, ni ó wá pàdé wọn. Mary Musgrove, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Creek tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣe ògbufọ̀. Tomochichi fún Oglethorpe ní awọ ẹfọ̀n kan tí a ya orí àti ìyẹ́ idì sí nínú, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún un: idì yára bí àwọn tí ó fò kọjá òkun wá, ẹfọ̀n lágbára bí wọn, ìyẹ́ rọ̀, ìfẹ́ ni, awọ móoru, ààbò ni. Ẹ ò rí i pé ọba tí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ ni. Ní oṣù Karùn-ún wọ́n bá àwọn Creek dá májẹ̀mú. Ní ọdún 1734 Oglethorpe mú Tomochichi, ìyàwó rẹ̀ Senauki àti ọmọ tí ó ń tọ́, Toonahowi, dé iwájú ọba George ní Lọ́ńdọ̀nù.

Oglethorpe fúnra rẹ̀ ni ó wọn ìlú Savannah: ilé yí gbàgede ká, gbàgede kan fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ta ni ó gé igi? Apá kan nínú iṣẹ́ náà, àwọn ẹrú dúdú tí wọ́n yá láti Carolina ni ó ṣe é. Ó lò wọ́n, lẹ́yìn náà ni ó ní kí wọ́n máa lọ, ó ní nígbà tí àwọn òyìnbó rí ẹni ṣiṣẹ́ fún wọn ni wọ́n di ọ̀lẹ. Nínú oṣù Keje ọdún 1733, nígbà tí ibà ń pa àwọn ará ìlú tí dókítà wọn sì ti kú, ọkọ̀ àwọn Júù kan gúnlẹ̀, dókítà Samuel Nunes sì wà nínú wọn. Àwọn alágbàtọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù kò fẹ́ wọn. Oglethorpe fún wọn nílẹ̀.

A wá dé orí òfin ọdún 1735. Mẹ́ta ni ó jáde: ọ̀kan de ọtí líle, ọ̀kan tọ́ òwò pẹ̀lú àwọn onílẹ̀ sọ́nà, ọ̀kan de ẹrú. Ẹni tí ó bá mú ẹrú wọ̀lú yóò san ìtanràn pọ́n-ùn 50. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Àkọlé òfin náà fúnra rẹ̀ sọ pé kí ilẹ̀ náà lè ṣeé dáàbò bò ni a ṣe ṣe é. Florida wà ní gúúsù, lọ́wọ́ àwọn ará Sípéènì, ọba Sípéènì sì ti kéde láti ọdún 1693 pé ẹrú Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá sá wá, tí ó gba ẹ̀sìn Kátólíìkì, yóò di òmìnira. Ní Carolina, àwọn dúdú ti pọ̀ ju àwọn funfun lọ nínú oko ìrẹsì. Àwọn alágbàtọ́ fẹ́ kí Georgia jẹ́ odi láàrin méjèèjì, odi tí àwọn àgbẹ̀ ológun yóò máa ṣọ́. Kí ni òfin yìí wí nípa ẹni dúdú tí ó bá sá wọ Georgia? Wọn yóò dá a padà fún olúwa rẹ̀ ní Carolina. Bí olúwa rẹ̀ kò bá wá, àwọn alágbàtọ́ lè tà á síta. A kò lè fi èyí pa mọ́ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́: òfin náà de oko ẹrú, ṣùgbọ́n kò tú ẹrú kankan sílẹ̀.

Kò pẹ́ tí ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó wà ní Savannah ń wo òdìkejì odò, ó ń rí ọ̀gá Carolina tí ó jókòó lábẹ́ òjìji tí owó ń wọlé, òun sì ń fi ọkọ́ ya ilẹ̀ nínú oòrùn. Ilẹ̀ 50 éékà ni wọ́n fún un, kò lè tà á, ọmọbìnrin rẹ̀ kò sì lè jogún rẹ̀. Ṣẹ́dà kò ṣe dáadáa. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1738, ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn alágbàtọ́ gba ẹrú láyè. Gbogbo ará Georgia kọ́ ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kínní ọdún 1739, àwọn ará Scotland tí wọ́n tẹ Darien dó kọ ìwé tiwọn. Àwọn 18 fọwọ́ sí i, wọ́n ní kí a sọ ìran ènìyàn kan di ẹrú títí ayé jẹ́ ohun tí ń dẹ́rù ba ẹ̀dá, àti pé ẹ̀jẹ̀ yóò dá a lẹ́jọ́ lọ́jọ́ kan. Àwọn ará Jámánì tí wọ́n wà ní Ebenezer tì wọ́n lẹ́yìn. Àwọn alátakò Oglethorpe ní màlúù ni ó fi ra ìfọwọ́sí àwọn ará Darien. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba màlúù kò nílò láti kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀.

Nínú oṣù Kínní kan náà ni Oglethorpe kọ lẹ́tà sí àwọn alágbàtọ́, lẹ́tà yìí ni ó sì mú wa kọ nípa rẹ̀ rárá. Ó ní bí wọ́n bá gba ẹrú láyè, wọn yóò ṣe lòdì sí ìdí tí wọ́n fi kóra jọ, èyí tí í ṣe láti gba ẹni tí ìyà ń jẹ sílẹ̀. Ó tún lọ síwájú. Ó ní àwọn yóò di okùnfà ìṣẹ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Áfíríkà, nítorí pé àwọn yóò mú kí àwọn kan máa lo ẹ̀tàn láti ra àwọn tí ó ń gbé níbẹ̀ ní òmìnira, kí wọ́n sì kó wọn sínú ẹrú ayérayé. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo èyí. Kò sọ̀rọ̀ ààbò níhìn-ín, kò sọ̀rọ̀ Sípéènì. Láti Georgia, ojú rẹ̀ wo ẹ̀yìn òkun, ó sì rí i pé owó tí àgbẹ̀ kan ná ní Savannah ni yóò rán akónilẹ́rú jáde lóru ní abúlé kan tí kò ní mọ orúkọ rẹ̀ láé. Àwọn tí ó wà ní ipò rẹ̀ ní ìgbà náà tí ó kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ kò pọ̀.

Ṣùgbọ́n ọdún 1739 kò tíì parí. Ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn ẹrú dìde létí odò Stono ní Carolina. Jemmy ni olórí wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a gbà pé ó ti ilẹ̀ Kóńgò wá. Wọ́n gba ìbọn, wọ́n pa àwọn òyìnbó tí ó lé ní 20, wọ́n sì dorí kọ Florida kí wọ́n tó ṣẹ́gun wọn. Ní oṣù Kẹwàá, Tomochichi kú. Wọ́n sin ín sí ọ̀kan nínú àwọn gbàgede Savannah, Oglethorpe sì wà nínú àwọn tí ó gbé pósí rẹ̀. Ogun wá dé láàrin Gẹ̀ẹ́sì àti Sípéènì, Oglethorpe sì kó ogun lọ sí St. Augustine ní ọdún 1740. Nítòsí ibẹ̀ ni Mose wà, abúlé olódi tí àwọn ará Sípéènì ti fún àwọn dúdú tí ó sá kúrò lóko ẹrú Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1738. Olórí ogun wọn, Francisco Menéndez, Áfíríkà ni a ti bí i. Ó ti ṣẹrú rí ní Carolina. Àwọn ọmọ ogun Oglethorpe gba Mose. Ní oṣù Kẹfà, Menéndez àti àwọn ènìyàn rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará Sípéènì padà wá lójú òru, wọ́n sì lé wọn jáde. Ọkùnrin tí ó kọ lẹ́tà oṣù Kínní ọdún 1739 ni ó rán ogun sí àwọn tí ó ti gba ara wọn sílẹ̀. A kò rí ọ̀nà tí a lè gbà sọ èyí tí yóò fi dùn.

Ní ọdún 1742 ó lé àwọn ará Sípéènì kúrò ní erékùṣù St. Simons, níbi tí ó ti kọ́ odi Frederica, tí ó sì ń gbé. Ní oṣù Keje ọdún 1743 ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti dáhùn ẹ̀sùn tí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ogun rẹ̀ fi kàn án. Wọ́n dá a láre, ó gbéyàwó ní ọdún 1744, kò sì fẹsẹ̀ kan Georgia mọ́ láé.

Bí ó ti lọ tán ni òfin náà bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Àwọn kan ń lọ sí Carolina, wọ́n ń yá ẹrú fún ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n ń san owó náà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ń pe èyí ní ìyáni. Àwọn onídàájọ́ ń rí i, wọ́n ń wo ibòmíràn. George Whitefield, oníwàásù tí òkìkí rẹ̀ kàn, ní òun nílò ẹrú kí ilé àwọn ọmọ òrukàn tí òun dá sílẹ̀ lè rí oúnjẹ jẹ. Ní ọdún 1750 àwọn alágbàtọ́ gbà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kínní ọdún 1751, ẹrú di ohun tí òfin gbà láyè ní Georgia. Iye àwọn dúdú tí ó wà níbẹ̀ lẹ́rú ní ọdún 1750 kò tó 500. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1775, wọ́n tó bíi 18,000.

Oglethorpe rí gbogbo èyí láti òkèèrè, nítorí ẹ̀mí rẹ̀ gùn. Ó padánù àga rẹ̀ nílé aṣòfin ní ọdún 1754, ṣùgbọ́n ó di àgbà tí àwọn òǹkọ̀wé Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ràn láti bá jẹun. Samuel Johnson tilẹ̀ ní òun ìbá fẹ́ kọ ìtàn ìgbé ayé rẹ̀. Ní ọdún 1776 ó kọ̀wé sí Granville Sharp, ẹni tí ó ń bá òwò ẹrú jà ní kóòtù, ó sọ fún un bí Georgia ti bẹ̀rẹ̀ láìsí ẹrú. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1785 ó rí John Adams, aṣojú àkọ́kọ́ tí Amẹ́ríkà òmìnira rán sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láìpẹ́ sí ìgbà náà ni ó kú, ní ẹni ọdún 88.

Àwa kò ka Oglethorpe kún ẹni mímọ́, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ rẹ̀ sọmọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ó máa ń sọ fún wa pé kí a má ṣe dá àwọn ará àtijọ́ lẹ́jọ́, pé gbogbo ènìyàn ni ó rò bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Irọ́ ni. Lẹ́tà ọdún 1739 wà, ìwé àwọn 18 ti Darien wà. Àwọn tí ó fẹ́ ẹrú kà á, ó yé wọn, wọ́n sì yan owó. Ohun tí ó rọ òfin náà ní agbára, lójú tiwa, ni pé ọwọ́ ẹnìkan ni ó wà, kò sì sí ẹni dúdú kan tí a bi léèrè nígbà tí a ń ṣe é.

Ère Oglethorpe wà ní Savannah lónìí, ó kọjú sí gúúsù, níbi tí àwọn ará Sípéènì wà nígbà ayé rẹ̀. Ìlú náà gbòòrò lórí ìlànà tí ó wọ̀n nígbà kan, gbàgede 22 ni ó sì kù. Ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n là ní ọdún 1851, jẹ́ orúkọ John Calhoun, olóṣèlú Carolina tí ó gbèjà oko ẹrú títí ó fi kú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ìgbìmọ̀ ìlú fún un ní orúkọ mìíràn: Susie King Taylor. Inú ẹrú ni a bí i sí ní Georgia ní ọdún 1848. Òfin Georgia kà á léèwọ̀ nígbà náà pé kí ẹnikẹ́ni kọ́ ẹrú ní ìwé kíkà. Obìnrin dúdú olómìnira kan ní Savannah ni ó kọ́ ọ níkọ̀kọ̀, àwọn ọmọ a sì máa fi bébà wé ìwé wọn kí ẹni tí ó bá rí wọn lójú pópó má baà mọ ohun tí wọ́n gbé dání. Ní ọdún 1862, lásìkò ogun abẹ́lé, ó bọ́ lóko ẹrú. Kò tíì ju ọmọ ọdún 14 lọ nígbà tí wọ́n ní kí ó wá dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ó kọ́ ọmọ bíi 40 lójú ọ̀sán, àwọn àgbàlagbà sì ń wá bá a lálẹ́. Erékùṣù St. Simons ni ilé-ẹ̀kọ́ náà wà, níbi tí odi Frederica ti di àlàpà.